Ààrò Tí Ó Kọ Ojú Sí Ògiri

Ní òwúrọ̀ kan, lẹ́yìn tí àkọ́rọ̀ òjò ti dá, aya mi na ọwọ́ ọ̀tún sí àwo kan lórí pẹpẹ, ọwọ́ náà sì dúró ní agbedeméjì. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà kẹta, ó fi ọwọ́ òsì ti ìgúnpá ọ̀tún láti ìsàlẹ̀, bí ẹni tí ń ti ọkọ̀ tí ó kú sójú ọ̀nà. Ọwọ́ kò gòkè. Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ìwé wà ní itan mi, mo sì ń wò ó láti òkè awò ojú mi. Ohun tí mo sọ ní ọjọ́ náà ń tì mí lójú títí di òní. Mo ní, "Làkúrègbé ni. Ọjọ́ orí ti dé." Mo sì ṣí ojú ìwé tí ó kàn.

Ó yẹ kí ẹni tí ń kà á mọ irú ènìyàn tí ń sọ̀rọ̀. Mo ṣe olùkọ́ fún ohun tí ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ agbègbè Pobè àti Sakété, mo sì jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Mẹ̀tírù ni wọ́n ń pè mí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pe gbogbo olùkọ́ lọ́dọ̀ wa, aya mi pàápàá sì ń pè mí bẹ́ẹ̀. Mo ka ìwé Faransé, mo ka ìwé Yorùbá. Mo ka ohun tí wọ́n kọ nípa ìràwọ̀, nípa òfin, nípa egungun àti iṣan ara ènìyàn. Bí ẹnìkan bá fẹ́ kọ ìwé pàtàkì sí ilé iṣẹ́ ìjọba, ọ̀dọ̀ mi ni ó ń bọ̀. Ìwé kíkà ni ògo mi, n kò sì fi í pamọ́. Síbẹ̀, ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, iṣẹ́ kan ń jẹ apá ènìyàn kan run nínú ilé mi, díẹ̀díẹ̀, lójú mi kòrókòró, èmi tí mo mọ ìwé kà kò sì rí i kà.

Gàrí ni iṣẹ́ náà. Sakété ni a ń gbé, ṣùgbọ́n Aguidi, níbi tí oko ẹ̀gẹ́ wà, ni ìyá aya mi ti ń yan gàrí ní ìgbà ayé rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni aya mi ń lọ ní ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀. Àwọn tí ń jẹ gàrí máa ń rò pé iná ni ó le jù nínú iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe iná. Ẹni tí yóò yan gàrí ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bó ẹ̀gẹ́ láti òwúrọ̀. Ó ti gbé abọ́ ńlá lọ sí ibi ẹ̀rọ tí ń rin ín, ó sì ti gbé e bọ̀. Ó ti fa àpò tí omi rẹ̀ kò tíì gbẹ, ó ti to òkúta lé e lórí. Ó ti jọ ọ́ nínú asẹ́. Nígbà tí ó bá jókòó ti iná, ara rẹ̀ ti rẹ̀ kí iṣẹ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ kan ṣoṣo yóò wá máa fi àfọ́kù igbá ro gàrí nínú agbada: síwá, sẹ́yìn, síwá, sẹ́yìn, láìdúró, nítorí pé bí ó bá dúró, gàrí yóò jóná. Mo jókòó kà á ní ọjọ́ kan, bí ìṣe olùkọ́, iye ìgbà tí ọwọ́ náà lọ tí ó bọ̀ kí agbada kan tó jinná. Mo kọjá ọ̀ọ́dúnrún, mo sì pàdánù kíkà. Mo rẹ́rìn-ín, mo padà sídìí ohun tí mo ń ṣe.

Ààrò tí aya mi ń lò, ìyá rẹ̀ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́. Ó mọ ọ́ sí kọ̀rọ̀ àtíbàbà, ojú rẹ̀ kọ sí ògiri, ẹ̀yìn sí ojú ọ̀nà. Ó mọ ìjókòó alámọ̀ pọ̀ mọ́ ọn, tí kò ṣeé sún, tí ó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí orúnkún ẹni tí ó bá jókòó fi ń ga ju ìbàdí rẹ̀ lọ. Ní apá òsì ìjókòó náà ni agbada wà. Nígbà tí ìyá náà fẹ́ kú, ó fi ààrò náà lé aya mi lọ́wọ́. Nínú ìdílé wọn, ààrò ìyá kì í ṣe ohun tí ọmọ ń wó. Bí ó bá sán, wọ́n á fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Wíwó rẹ̀ dà bí ìgbà tí ọmọ bá sọ pé oúnjẹ tí ó tọ́ òun dàgbà kò dára.

Èmi ni mo wá ń rẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ èyí náà. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́, mo máa ń lọ sí Aguidi pẹ̀lú igi kan tí mo ti fi ọ̀bẹ sàmì sí, láti fi wọn gíga ààrò, ìbú ẹnu rẹ̀, àti àyè tí ó wà láàárín rẹ̀ àti ìjókòó. N kò jẹ́ kí ìwọ̀n ìka kan yẹ̀. Àwọn ará ilé máa ń yìn mí pé àna tí ó mọ iyì ìyá ìyàwó rẹ̀ nìyí, inú mi a sì dùn púpọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí apá náà kọ̀ láti gòkè, a fi òrí pa á, a fi ewé gbígbóná jó o, ẹnìkan tilẹ̀ mú ọtí sódabì tí ó rẹ egbò igi sí wá fún wa láti fi ra á. Bí ìrora bá rọlẹ̀ díẹ̀, aya mi á gun zémíjàn, alùpùpù akérò wa, lọ sí Aguidi, á padà jókòó sí ìjókòó kan náà. Báyìí ni oṣù fi ń gun orí oṣù. Ọwọ́ tí kò dé orí pẹpẹ mọ́ kò dé ẹnu mọ́. Ní ọjọ́ kan, àfọ́kù igbá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú agbada, ó sì jókòó, ó ń wo gàrí bí ó ti ń dúdú, kò lè mú un. Ọjọ́ náà ni ó dé ilé tí ó sọ fún mi pé, "Mẹ̀tírù, apá yìí ń fi mí sílẹ̀ lọ." Kò sunkún. Ìbá dára kí ó sunkún.

Ní Pobè, ọ̀dọ́bìnrin kan wà tí ń tọ́jú iṣan àti oríkèé ara. Kinẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é, bí ẹni pé orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. A wọ ọkọ̀ lọ bá a. Ọkùnrin kan tí ń ru àpò símẹ́ńtì wà níbẹ̀ ṣáájú wa, kò lè jókòó, ó fara ti ògiri. Ìyá àgbà kan tí ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn láti fi ṣe epo na orúnkún rẹ̀ méjèèjì síwájú. Mo wo gbogbo wa, ó sì rẹ̀ mí láti inú wá. Ó dà bí ẹni pé iṣẹ́ tí a fi ń jẹun ni ó kó wa wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ibi tí ó ti já wa jẹ.

Nígbà tí ó kàn wá, Kinẹ́ fọwọ́ kan èjìká aya mi, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa àpótí kékeré kan jáde.

"Màmá, ẹ jókòó síbí, kí ẹ sì yan gàrí fún mi."

"Gàrí dà?"

"Ẹ ṣe bí ẹni pé ó wà."

Aya mi wò mí. "Mẹ̀tírù, ṣé ibi tí wọ́n ti ń gba wèrè ni ẹ mú mi wá?"

Ṣùgbọ́n ó jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ sí ẹnu ọ̀nà. Àyà rẹ̀ yí pátápátá sí òsì. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọjá níwájú àyà lọ sí òsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó ń bọ̀, ìgúnpá gbé sókè, ọrùn tẹ̀. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀ fún ogójì ọdún. Ìgbà yẹn, nínú iyàrá tí kò sí iná, tí kò sí èéfín, ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé bí a ti ń fún aṣọ tí a fọ̀ ni wọ́n ṣe fún ara rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ yí báyìí?"

"Ibẹ̀ ni agbada wà."

"Ẹ gbé agbada wá sí ọ̀tún."

"Ṣé agbada orí ààrò alámọ̀ ṣeé gbé kiri ni?"

"Ta ló mọ ààrò náà?"

"Ìyá mi."

Kinẹ́ wo ọwọ́ òsì rẹ̀ tí ó wà lórí itan. "Màmá, ẹ má bínú. Ọwọ́ wo ni ìyá yín fi ń jẹun?"

Aya mi tẹ orí ba. "Ọwọ́ ọ̀tún," ni ó wí. "Níwájú ènìyàn."

Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí kò sọ fún èmi ọkọ rẹ̀ rí. Ọlọ́wọ́ òsì ni ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó wà ní ọmọdé, wọ́n fi aṣọ di ọwọ́ òsì náà kí ó lè gbàgbé rẹ̀, ó sì kọ́ láti jẹun, láti kí ènìyàn, láti fún ènìyàn ní nǹkan, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀tún. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti jókòó ti agbada, òsì a gba àfọ́kù igbá lọ́wọ́ ọ̀tún fúnra rẹ̀. Ta ni yóò ra gàrí tí a fi ọwọ́ òsì ro ní Aguidi? Nítorí náà ó mọ ààrò sí kọ̀rọ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, ó mọ ìjókòó lọ́nà tí ara rẹ̀ yóò fi bo ọwọ́ náà. Ó kìlọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ kí wọ́n má ṣe sọ ọ́. Wọn kò sọ ọ́. Wọ́n pa á mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí aya mi fi jókòó síbẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè lẹ́ẹ̀kan rí ìdí tí òun fi ní láti yí kí òun tó rí agbada.

"Màmá," ni Kinẹ́ wí, ohùn rẹ̀ rọ̀, "ara ìyá yín ni wọ́n fi wọn ààrò yẹn. Ẹ̀yin wá ń fi ara yín bá a mu."

Mo rántí igi tí mo fi ọ̀bẹ sàmì sí, mo sì wo ilẹ̀.

Kinẹ́ ṣàlàyé fún wa láìyára. Kì í ṣe yíyí ara nìkan. Ọwọ́ tí ń ṣe ohun kan náà láìsinmi wà níbẹ̀. Abọ́ ńlá tí ènìyàn kan ń dá gbé láti ilẹ̀ wà níbẹ̀. Ìjókòó tí ó rẹlẹ̀ jù wà níbẹ̀, àti bí ẹni tí ó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣe ń fi agídí parí iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kì í ṣe ènìyàn ní ohunkóhun ní ọjọ́ kan. Wọ́n jọ máa ń wá ni, wọ́n sì máa ń mú sùúrù.

"Bí ẹ bá padà sí ìjókòó yẹn," ni ó wí, "apá yìí yóò kú sí ẹ̀gbẹ́ yín. Bí ẹ kò bá padà síbẹ̀, a lè dá díẹ̀ padà nínú rẹ̀."

"Díẹ̀ báwo?"

"N kò lè ṣèlérí, Màmá."

Nínú ọkọ̀, mo sọ pé kí ó fi gàrí sílẹ̀ pátápátá; ohun tí wọ́n ń fún mi lẹ́yìn iṣẹ́ tó wa jẹ. Nígbà tí a sún mọ́ Sakété, ó yíjú sí mi. "Bí wọ́n bá ní kí ẹ má kàwé mọ́ nítorí ọrùn ń dùn yín," ni ó wí, "kí ni ẹ ó máa jókòó wò láti òwúrọ̀ di alẹ́?" Ó wá fi ohùn kékeré sọ pé, "Ààrò ni kí a wó. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò ní gbà."

Òótọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí ń ta aṣọ ní ọjà Sakété, kò gbà. Ó ti ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ, ohùn rẹ̀ sì ń dé ìta kí òun tó dé. A pàdé ní Aguidi, nínú àtíbàbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò tí kò ní iná.

"Ìwọ fẹ́ wó ààrò Ìyá? Kí a wá sọ pé kí ni fún ará Aguidi? Pé ọwọ́ òsì ni Ìyá fi yan gàrí tí gbogbo wọn jẹ dàgbà?"

"Apá mi ń kú lọ, ẹ̀gbọ́n mi."

"Apá Ìyá kò kú."

"Apá Ìyá wà ní ibi tí ó yẹ kí ó wà."

"Ìmẹ́lẹ́ ni! Àti àna wa yìí, tí ó ń fi ìwé kó ọ láyà jẹ." Ó kọjú sí mi. "Mẹ̀tírù, ṣé ìwé ló ní kí ẹ wó ilé onílé?"

"Ẹ̀gbọ́n wa, ìwé kò sọ ohunkóhun," ni mo wí. "Ohun tí ó ń dùn mí gan-an nìyẹn."

"Ó dára. Èmi náà ọmọ rẹ̀ ni mí. Lọ́la, èmi ni n ó jókòó síbẹ̀, kí ẹ lè rí i pé kò sí ohun tí ó ṣe ààrò."

Láti ìgbà tí ó ti di ìyàwó ilé, kò jókòó síbẹ̀ mọ́. Ọjà ni tirẹ̀. Ó dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú gèlè tuntun, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó jókòó. Agbada kìíní, ó ń kọrin. Ó ń bú aya mi pẹ̀lú ẹ̀rín: "Ẹ wo ọmọ tí ó gbẹ̀yìn Ìyá! Èyí ni ó ń gbé yín lọ sí Pobè?" Agbada kejì, ó dá orin dúró. Ó ń yí ìdí lórí ìjókòó, ó ń wá ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ sí. Ní àárín agbada kẹta, ohùn rẹ̀ yí padà.

"Ẹ gbé mi."

"Ṣé ó ti jinná, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ó jinná tàbí kò jinná, mo ní ẹ gbé mi dìde!"

Aya mi ní ọwọ́ kan ṣoṣo tí ó ṣiṣẹ́, èmi náà kì í ṣe géńdé mọ́. A fà á, a tì í, gàrí ń jóná, gbogbo wa ń húkọ́ nínú èéfín. Nígbà tí ó dìde tán, kò lè nà. Ó dúró ní yíyí, ojú rẹ̀ sí ògiri, bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn. Ó wo aya mi láti ibẹ̀.

"Ogójì ọdún ni o ti ń jókòó síbí?"

"Ó lé díẹ̀."

"Ìyá ṣe ọ́ o."

"Ìyá kò mọ̀."

"Ẹ wó o," ni ẹ̀gbọ́n wí. Ó ń di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín. "Bí ará Aguidi bá béèrè, ẹ sọ fún wọn pé òsì ni. Mo rí gbogbo wọn lánàá, kò sí ẹni tí gàrí náà pa."

Èmi ni mo wó o, pẹ̀lú ọkọ́, ní ọjọ́ mẹ́ta, nítorí pé agbára mi kò tó ti ọjọ́ kan. Amọ̀ náà ń bọ́ ní ìpele ìpele. N kò lè fi ojú fo ìpele tí mo fi ọwọ́ ara mi rẹ́, tí ó nípọn jọ́jọ́. Nígbà tí ó ku ìjókòó, aya mi ní kí n dúró. Ó fọwọ́ kan ibi tí ìyá rẹ̀ ti jókòó. Lẹ́yìn náà ó fi orí ṣe àmì fún mi, mo sì tún gbé ọkọ́ sókè.

Obìnrin kan tí ó mọ ààrò mọ ni ó mọ tuntun, gẹ́gẹ́ bí Kinẹ́ ti júwe rẹ̀: agbada ga dé ìwọ̀n ìgúnpá ẹni tí ó jókòó lórí àga, ẹnu iná wà ní òdìkejì, àyè wà yíká, kí ènìyàn lè rọ́wọ́ mú u láti ọ̀tún tàbí láti òsì. Igi gígùn ni aya mi ń fi ro gàrí báyìí. Bí agbada kan bá jinná, yóò dìde, yóò rìn dé ìdí igi máńgòrò, yóò padà. Ènìyàn méjì ni ó ń gbé abọ́. Àwọn aládùúgbò ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé Mẹ̀tírù ti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì fún gàrí. Ní ti ọwọ́ òsì, wọ́n béèrè, ẹ̀gbọ́n dáhùn fún wọn, ọ̀rọ̀ náà sì tán ní ọjọ́ ọjà méjì.

Oṣù púpọ̀ ni a fi ń lọ sí Pobè. Ọwọ́ náà dé àgbọ̀n. Ó dé ẹnu. Bí ó bá nà án sókè, ó ń dé ìwọ̀n èjìká, ó sì dúró níbẹ̀. Kinẹ́ gbé e, ó yí i, ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ibi tí ó dé nìyí, Màmá. Kò ní ga ju báyìí lọ mọ́."

"Ṣé kò ní padà sílẹ̀?"

"Bí ẹ kò bá padà sí yíyí yẹn."

Aya mi ronú sí i. "Ó tó yan gàrí," ni ó wí, ó sì dìde.

Ṣùgbọ́n ara kì í gbọ́ ìròyìn ní ọjọ́ tí etí gbọ́ ọ. Mo ń bá a lọ sí Aguidi ní ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nísinsìnyí. Agbada wà níwájú rẹ̀ gan-an, kò sí ògiri mọ́, kò sí ohun tí ń sénà. Síbẹ̀, bí iṣẹ́ bá ti wọ ara, aya mi a máa yí díẹ̀díẹ̀ sí òsì, èjìká a tẹ̀lé e, ìgúnpá a gbé sókè, títí yóò fi jókòó bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ń wò ó.

"Yí padà," ni mo wí láti ibi tí mo jókòó sí ní apá òsì rẹ̀.

"Mo ti yí."

"O kò yí."

"Ẹ jọ̀wọ́, Mẹ̀tírù, ẹ̀yin ni ẹ ń yan gàrí ni?"

Ó yí padà. Kò pẹ́, ó tún ti lọ. Mo sọ ọ́ ní ìgbà mẹ́jọ kí agbada kìíní tó jinná, ó sì yí ní ìgbà mẹ́jọ. Ní ìgbà kẹsàn-án, ó ti rẹ òun, ó ti rẹ èmi náà. Mo dìde, mo gbé àga mi yí ààrò ká, mo gbé e kalẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un nípa ohun tí aládùúgbò wa kan wí ní òwúrọ̀ náà, kí ó lè ní láti kọjú sí mi kí ó tó lè dá mi lóhùn.